Kọ̀ǹpútà wo ló yẹ ẹni tó ń to fídíò nílé?

Ayàwòrán Òkè-Àdó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ yìí. Ìbàdàn ni mo wà. Fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìkómọjáde ni mo ń yà. Kámẹ́rà méjì ni mo ń lò: Sony A7 III tó jẹ́ tèmi, àti A7 IV tí mo máa ń yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi bí òde bá tóbi. Láptọ́ọ̀pù HP EliteBook ni mo fi ń to iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) jẹ́ i5 ìran kẹfà ti Intel, RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) sì jẹ́ 8GB. Fídíò A7 III ṣì ń gbìyànjú láti rìn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ti A7 IV sí i, àwòrán á dúró gbagidi, ohùn á sì máa lọ ní tirẹ̀.

Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa wà nílé, tí n kò ní máa gbé káàkiri. Ẹnì kan ní kí n ra èyíkéyìí tí wọ́n bá ti kọ i7 sí lára, ẹlòmíràn ní Mac nìkan ló yẹ oníṣẹ́ fídíò, ẹnì kẹta ní kí n ní kí wọ́n bá mi to désítọ́ọ̀pù. Iná àdúgbò wa kò ṣeé gbọ́kàn lé, àmọ́ mo ní ínfátà kan tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti gílóòbù, bátìrì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Owó mi kò pọ̀ débi pé n ó ra èyí tó bá ṣáà ti wù mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ ra èyí tí n ó tún pààrọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Alàgbà Atofídíò, Ìkẹjà:

Àbúrò, ìdajì ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè rẹ. Kọ̀ǹpútà kan náà tó ń gbé fídíò A7 III ni kò lè gbé ti A7 IV. Èyí fi hàn pé irú fáìlì tí kámẹ́rà rẹ ń kọ ni ó yẹ kí o wò kí o tó wo orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà èyíkéyìí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kámẹ́rà ló máa ń fún fídíò pọ̀ kí ó tó kọ ọ́ sórí káàdì, nítorí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, káàdì yóò kún kí ìyàwó tó wọlé. Nígbà tí o bá wá ń to iṣẹ́, ojúṣe kọ̀ǹpútà ni láti máa tú ohun tí a ti fún pọ̀ náà, àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ pé ò ń wò ó lọ geere tàbí ò ń fà á síwájú sẹ́yìn láti wá ibi tí wàá gé. A7 III ń lo H.264 (ọ̀nà kan tí a ń gbà fún fídíò pọ̀) tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8-bit, 4:2:0 (nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọ̀ inú fáìlì ṣe pọ̀ tó), ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kọ̀ǹpútà tí a ṣe láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ní ẹ̀yà tí a dìídì dá sínú rẹ̀ láti tú irú rẹ̀. A7 IV, tí Sony gbé jáde ní 2021, lè kọ 10-bit, 4:2:2, yálà ní H.264 tàbí ní H.265, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó tuntun jù ú lọ. Àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ sí i, ìyẹn sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ tún àwọ̀ ṣe gan-an, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà kò bá ní ẹ̀yà tó mọ̀ ọ́n tú, agídí ni prọ́sẹ́sọ̀ yóò fi tú u. Ibi tí àwòrán ti ń dúró dè ọ́ nìyẹn.

Prọ́sẹ́sọ̀ Intel tí ó ní ẹ̀yà àwòrán nínú ara rẹ̀, láti ìran kọkànlá sókè, mọ H.265 tó jẹ́ 4:2:2 10-bit í tú. Apple mọ̀ ọ́n láti orí M1 tó jáde ní 2020. NVIDIA, tó ń ṣe káàdì àwòrán, kò fi í sínú káàdì rẹ̀ títí di ọ̀wọ́ RTX 50 ti 2025, ìyẹn ni pé ẹni tó ra RTX 4090 olówó gọbọi kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ nípa títú irú fáìlì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì náà lágbára ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa yóò lò láé. Ìdí nìyẹn tí i5 ìran kejìlá fi lè mú iṣẹ́ rẹ rọrùn ju i7 ìran kẹrin ti 2013 lọ, i7 tí wọ́n fi ń pariwo kiri ọjà. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì náà ni kí o máa kà: i7-4600U, ìran kẹrin ni, i7-1165G7, ìran kọkànlá, i5-12500H, ìran kejìlá. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn náà ń sọ̀rọ̀: U ń ṣọ́ iná ná kí bátìrì lè pẹ́, H ń ṣiṣẹ́ akọ, bí o bá sì rí F lára prọ́sẹ́sọ̀ désítọ́ọ̀pù, kò sí ẹ̀yà àwòrán nínú rẹ̀ rárá, ẹ̀yà ìtúfáìlì tí mò ń wí yìí kò sì sí níbẹ̀. Àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà tà fẹ́ràn F nítorí pé ó fi díẹ̀ dínwó. Èmi á san owó díẹ̀ tó lé e.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, gba ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ MediaInfo, fi ṣí fáìlì kan láti inú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, kí o wo ohun tó bá kọ síwájú Format, Chroma subsampling àti Bit depth. Bí o bá rí 4:2:2 lára ti A7 IV, bi ara rẹ bóyá o ń lò ó. Bí kì í bá ṣe pé o ń ya Log (àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá títí a ó fi kùn ún) tí o sì ń tún àwọ̀ kùn ní àtúnkùn gidi, o lè wọ inú àtòjọ A7 IV náà kí o yan XAVC S (orúkọ tí Sony pe irú fáìlì kan) ní 4:2:0 8-bit, yóò sì máa kọ irú èyí tí EliteBook rẹ mọ̀. Bí 4:2:2 bá sì jẹ́ dandan, XAVC HS ni kí o yàn, nítorí H.265 ni ìyẹn. XAVC S ń lo H.264, ìrànlọ́wọ́ Intel tí mo sọ kò sì kan H.264 4:2:2.

Ní ti RAM, 16GB ni ìbẹ̀rẹ̀ fún HD, 32GB sì ni ìfọ̀kànbalẹ̀ fún 4K. Àbá tí Adobe fúnra wọn ń dá fún Premiere Pro, ètò ìtofídíò wọn, náà nìyẹn. Nínú 8GB tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, Windows àti Chrome ti jẹ èyí tó pọ̀ kí o tó ṣí iṣẹ́ rárá.

Oníná Abẹ́òkúta:

Ọ̀rọ̀ Alàgbà yanrantí, mo sì kín wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná ìjọba ti ń ṣe bó ṣe wù ú, wáàtì ni ó yẹ kó kà tẹ̀lé fáìlì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Káàdì RTX 3060 ti désítọ́ọ̀pù, 170 wáàtì ni wọ́n kọ fún òun nìkan, nítorí náà kò sí àṣerégèé bí mo bá ní àpótí tí ó wà nínú rẹ̀ lè fa 300 wáàtì nígbà tó bá ń gbé iṣẹ́ jáde. Ẹ fi mọ́nítọ̀ 30 wáàtì kún un. Bátìrì ínfátà 12 fólítì, 200Ah, ní 2,400 watt-hour lórí ìwé, àmọ́ bátìrì olómi ásíìdì kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú, ó di 1,200. Ẹ tún yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ohun tó kù yóò gbé kọ̀ǹpútà yẹn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, láìka fáànù, láìka gílóòbù, láìka àwọn ọmọ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹnẹrétọ̀ ni, owó epo bẹntiróòlù yóò sì wọ inú iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ oníyàwó.

Désítọ́ọ̀pù kékeré tó ń lo prọ́sẹ́sọ̀ ìran kejìlá láìní káàdì ọ̀tọ̀, tàbí láptọ́ọ̀pù tí ṣájà rẹ̀ jẹ́ 65 wáàtì, yóò pẹ́ gan-an lórí bátìrì kan náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé láptọ́ọ̀pù tó ní káàdì NVIDIA ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ iná nítorí pé ó ní bátìrì tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ ṣájà lára rẹ̀, káàdì náà yóò dín agbára rẹ̀ kù gan-an, iṣẹ́ tí ó ń ṣe wẹ́rẹ́ yóò wá di fífà.

Nǹkan méjì ló kù nípa ínfátà. Àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "pure sine wave" sí i lára, nítorí ọ̀pọ̀ pawà (ẹ̀yà tó ń gba iná wọlé) inú désítọ́ọ̀pù òde òní kì í bá ìgbì iná tí kò dán mọ́rán ṣe dáadáa. Èkejì, ọ̀pọ̀ ínfátà ní ipò méjì, ọ̀kan fún ohun èlò ilé, ọ̀kan tí wọ́n pè ní UPS. Ipò UPS ni kí ẹ fi sí, torí pé òun ló ń yára bọ́ sórí bátìrì kí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ pé iná ti lọ. Bí ínfátà yín kò bá ní in, ẹ ra UPS kékeré sí àárín; kò pọn dandan kó gbé kọ̀ǹpútà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Aláàtúnṣe Òtígbà:

Kọ̀ǹpútà títún ṣe ni iṣẹ́ mi ní Computer Village, nítorí náà èyí tí mo mọ̀ nípa tòkunbọ̀ ni n ó sọ. Owó tí arákùnrin wa ní yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ tòkunbọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. HP ZBook, Dell Precision àti Lenovo ThinkPad ọ̀wọ́ P jẹ́ èyí tí a ṣe fún iṣẹ́ tó lágbára. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ń lò wọ́n fún ọdún mélòó kan, wọn a sì tà wọ́n dànù ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé tú, RAM wọn ṣeé fi kún, háàdì wọn ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ìyẹn lórí èyí tí ẹ bá ń ná, kí ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ti jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù pátápátá.

Ẹ ka ìran kẹjọ ti Intel sí ìsàlẹ̀ odò, ẹ má lọ sísàlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Windows 11 kò fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ti Intel tó dàgbà ju ìyẹn lọ, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àwọn kan yóò fi ọgbọ́n kó Windows 11 sórí ìran kẹfà, wọn yóò ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí kò bá gba àtúnṣe tuntun mọ́.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sí ara bébà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, kí ẹ bọ́ sí Performance, kí ẹ tẹ GPU (ẹ̀yà àwòrán). Ẹni tó ń tà lè sọ pé káàdì àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ 4GB, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni "Shared GPU memory", èyí tí í ṣe RAM kan náà tí ẹ ti sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó jẹ́ ti káàdì gan-an, "Dedicated" ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀. Mo ti rí oníbàárà tí wọ́n fi irú "4GB" bẹ́ẹ̀ gba owó tó ga lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì gbé ẹ̀rọ náà wá bá mi pé kí n wò ó bóyá káàdì náà ti jó. Kò sí káàdì kankan níbẹ̀ tí yóò jó.

Fún bátìrì láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ powercfg /batteryreport. Yóò kọ ìwé kan jáde tí Design capacity àti Full charge capacity wà nínú rẹ̀. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkínní, bátìrì náà ti darúgbó, kí ẹ sì fi ìyẹn ná owó wálẹ̀. Ètò CrystalDiskInfo yóò sọ ìlera SSD, ìyẹn háàdì tí kò ní kẹ̀kẹ́. Ẹ wọ BIOS (àtòjọ ìpìlẹ̀ tó ń ṣí kí Windows tó ṣí) wò, nítorí àwọn kan wà tí iléeṣẹ́ tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì wọ́n pa. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mú fáìlì A7 IV yín lọ nínú fláàṣì, kí ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi ètò tí ẹ ń lò ṣí i lórí ẹ̀rọ náà gan-an, kí ẹ jẹ́ kó máa gbé iṣẹ́ jáde fún bí ìdajì wákàtí nígbà tí ẹ bá ń ná èlò míràn. Ẹ gbọ́ fáànù, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń yára ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ń falẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru ló ń mú un, ó lè jẹ́ eruku ọyẹ́ tó ti di ihò atẹ́gùn tàbí lẹ́ẹ̀mọ́ ìtutù orí prọ́sẹ́sọ̀ tó ti gbẹ. Ìyẹn ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó. Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá gbà kí ẹ dán ẹ̀rọ wò báyìí, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè yìí, ẹ má bínú pé Mac ni n ó gbè. Mac mini M4 tó jáde ní ìparí 2024 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RAM 16GB, 599 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ iná níṣàájú yóò fẹ́ràn rẹ̀: 65 wáàtì ni Apple kọ pé ó lè fà bó bá ń ṣiṣẹ́ tó le jù, bí ó bá sì jókòó láìṣe nǹkan, wáàtì mẹ́rin. Ó ń tú fáìlì A7 IV láìmí gúlegúle. Final Cut Pro, ètò ìtofídíò Apple, jẹ́ ohun tí èèyàn lè rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, DaVinci Resolve, ètò ìtofídíò mìíràn, sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí kì í lẹ àmì mọ́ iṣẹ́ yín bí ẹ kò bá lo àwọn ẹ̀yà tó jẹ́ ti olówó.

Ohun tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà ni ojú tí ẹ fi ń wò ó. Aṣọ ẹbí ni iṣẹ́ wa. Bí ìyá ìyàwó bá yan àwọ̀ ewé kan tó sì rí i nínú fídíò pé ó ti di àwọ̀ òfefèé, kì í ṣe ẹjọ́ kámẹ́rà ni yóò rò. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú ní ojú tí kò lè gbé ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọ̀ tó yẹ lọ. Bí ẹ bá rí "45% NTSC" nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ sá fún un. Mọ́nítọ̀ IPS (irú ojú tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́) tí wọ́n kọ 100% sRGB (òṣùwọ̀n àwọ̀) sí ni kí ẹ wá, kò sì pọn dandan kó jẹ́ 4K. Mo rò pé owó mọ́nítọ̀ tó dára ṣe pàtàkì ju owó káàdì àwòrán lọ fún ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ sì lè bá mi jà lórí ìyẹn.

Alàgbà Atofídíò, Ìkẹjà:

Ìyá Ìbejì, n kò ní bá yín jà lórí mọ́nítọ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Lórí Mac mini nìkan ni mo ti ní àtakò díẹ̀. RAM rẹ̀ kò ṣeé fi kún lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, 256GB tí ó bá wá kò sì lè gba ìgbéyàwó ńlá kan tán, nítorí náà ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ra SSD ìta kún un lọ́jọ́ kan náà, kó sì ka ìyẹn mọ́ iye rẹ̀. Bí iná bá sì sán pa bọ́ọ̀dù rẹ̀, odindi ẹ̀rọ ló lọ yẹn, nígbà tó jẹ́ pé pawà désítọ́ọ̀pù lè kú kí ẹ ra òmíràn ní Òtígbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mac tòkunbọ̀ tún ní tirẹ̀: bí ẹ bá tan án tó sì kọ "Remote Management" lójú, iléeṣẹ́ kan ló ṣì ni ín. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Síbẹ̀, bí àbúrò bá rí tuntun rà tó sì ní ínfátà tó dára, n kò ní sọ pé kó má rà á.

Kí n tó gbàgbé: DaVinci Resolve gbára lé káàdì àwòrán ju Premiere lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo Resolve fún 4K lórí Windows, tó sì ń tún àwọ̀ ṣe gidigidi, kó wá káàdì tí ìrántí tirẹ̀ tó 8GB. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kò ní gbé iṣẹ́ jáde ju 3840 sí 2160 (ìwọ̀n 4K) lọ, ìyẹn kò sì ni oníyàwó kankan lára. Ohun tí ẹ ó ṣe aláìní ni ẹ̀yà tó ń pa èérí àwòrán òru rẹ́, èyí tó wà nínú Studio, tí wọ́n ń tà ní 295 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ya òde alẹ́ déédéé yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston:

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi désítọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sí yín láti Amẹ́ríkà, ẹ ní kó ka ara pawà rẹ̀ kó tó dì í. Iná ọ̀dọ̀ wa níbí jẹ́ 120 fólítì, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Bí wọ́n bá kọ 100–240V sí i, kò sí ìṣòro, okùn iná nìkan ni ẹ ó pààrọ̀. Bí ó bá ní bọ́tìnnì kékeré tí a kọ 115 àti 230 sí, ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó kì í bọ iná. Bí 115 nìkan ló bá wà níbẹ̀, ẹ yọ pawà náà, kí ẹ ra òmíràn. Ṣájà láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní wàhálà yìí.

Atọ́jú-Fídíò, Òṣogbo:

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ ibi tí fídíò ń gbà kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń sùn. A7 III ń kọ 4K ní 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹ bá yan èyí tó ga jù. Ìyẹn jẹ́ megabyte 12.5, ó sì di 45GB ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì tí wọ́n yà fún wákàtí mẹ́fà, láti ìdáná títí dé ibi tí wọ́n ti ń náwó fún ìyàwó, yóò fún yín ní 540GB. Òde kan ṣoṣo nìyẹn o, A7 IV sì lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ má ra kọ̀ǹpútà tó ní SSD 256GB kí ẹ rò pé ẹ ti ṣe tán. Ètò tèmi ni pé kí Windows àti àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ tí ètò ìtofídíò ń kọ wà lórí SSD NVMe (irú tó yára jù) inú kọ̀ǹpútà, kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wà lórí SSD kejì, kí iṣẹ́ tí a ti fi jíṣẹ́ sì lọ sórí háàdì oníkẹ̀kẹ́ ńlá, nítorí òun ló ṣì rọ̀ jù lówó. Háàdì oníkẹ̀kẹ́ lè ka nǹkan bíi 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ó bá ń ka fáìlì kan lọ tààrà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá to kámẹ́rà mẹ́ta sórí ara wọn, orí rẹ̀ yóò máa fò láti ibi kan dé ibòmíràn, yóò sì falẹ̀. SSD SATA (irú tó lọ́ra ju NVMe lọ) tó ń ka nǹkan bíi 550MB ti tó fún iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin tó ń lépa NVMe 7,000MB nítorí H.264, owó yín ni ẹ ń fi ṣeré.

Ẹ kọ iṣẹ́ oníbàárà sí ibi mẹ́ta títí wọn yóò fi gbà á, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ fi exFAT (ọ̀nà kan tí háàdì ń gbà to fáìlì sínú ara rẹ̀) ṣe háàdì ìta yín, torí FAT32 kò gba fáìlì tó ju 4GB lọ. Bí ẹ bá sì rí háàdì 16TB tó rọ̀ ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ fi ètò H2testw dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Irú wọn máa ń pe ara wọn ní ohun tí wọn kò jẹ́.

Ayàwòrán Òkè-Àdó:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì náà, ẹ kú àdúrótì. Mo ti fi MediaInfo ṣí fáìlì náà: H.264, 4:2:2, 10 bits ni ti A7 IV. Ọ̀rẹ́ mi tó ni kámẹ́rà ló fi í síbẹ̀ torí pé ó ń ya fídíò orin. Èmi kì í ya Log, nítorí náà n ó máa yí i sí 4:2:0 8-bit bí mo bá yá a.

Ohun tí mo ń rò báyìí ni désítọ́ọ̀pù i5 ìran kejìlá tí kò ní F, láìní káàdì àwòrán ná, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ sRGB tuntun, kí n fi káàdì kún un bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn iṣẹ́ 4:2:2 tó ti wà nílẹ̀ tí n kò tíì tò ńkọ́, ṣé mo lè ṣe wọ́n lórí EliteBook kí owó tó pé? Èkejì, bí mo bá ń ra désítọ́ọ̀pù náà, kí ni kí n rí i dájú pé ó ní kí n lè fi nǹkan kún un lọ́jọ́ iwájú?

Alàgbà Atofídíò, Ìkẹjà:

Fún èkínní, proxy ni kí o lò. Ètò rẹ yóò ṣe ẹ̀dà kékeré fáìlì kọ̀ọ̀kan tí kò le láti tú, ẹ̀dà yẹn ni wàá fi gé tí wàá fi tò, nígbà tí o bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde, ètò náà yóò padà sórí ojúlówó. Premiere ní i, Resolve ní i, Kdenlive tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní i pẹ̀lú. Lórí ẹ̀rọ 8GB yẹn, n kò ní gbé Resolve. Kdenlive ni mà á lò. Ṣe àwọn ẹ̀dà náà ní òru tí iná bá wà, torí kò ní yá, kí o sì jẹ́ kí ìwọ̀n wọn jẹ́ 720p. Ìgbéjáde ìkẹyìn náà yóò pẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni wàá jókòó tì í.

Aláàtúnṣe Òtígbà:

Ẹ jẹ́ kí n gba èkejì. Ẹ rí i pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ihò RAM mẹ́rin, kí ẹ fi 8GB méjì bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀yà àwòrán inú Intel ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí RAM bá jẹ́ méjì méjì ju kó jẹ́ ẹyọ kan lọ. Ihò méjì tó kù yóò dúró de ọjọ́ iwájú. Bí ihò bá jẹ́ méjì péré, ẹ kúkú wá 16GB méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Pawà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 550 wáàtì ó kéré tán, tó ní okùn tí káàdì àwòrán ń lò, kó sì jẹ́ èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti gbogbo ayé mu, kì í ṣe èyí tí wọ́n dá ìrísí rẹ̀ ṣe fún irú àpótí kan ṣoṣo. Èyí ló máa ń dí ẹni tó ra désítọ́ọ̀pù ọ́fíìsì tòkunbọ̀ lọ́wọ́: prọ́sẹ́sọ̀ dára, iye rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ fi káàdì sí i, pawà 180 wáàtì ni yóò bá nínú rẹ̀, àpótí náà yóò sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín wò ó kí ẹ tó sanwó.